Kí Bàbá Mi Má Gbọ́ Pé Mo Ń Ya Ìwé

Kẹ́ẹ̀gì omi ló tú àṣírí ọwọ́ mi. Àpẹ̀tẹ̀ là ń gbé. Lọ́jọ́ náà, kò síná, ẹ̀rọ tó ń fa omi fún wa ò ṣiṣẹ́, gbogbo àdúgbò sì tò síwájú ilé kan tí wọ́n ní jẹnẹrétọ̀. Kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 méjì ni mo gbé lọ. Lítà omi kan, kílò kan ni, ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Nígbà tí mo ń padà bọ̀, ẹsẹ̀ mi ò gbọ̀n, ẹ̀yìn ò ro mí, mi ò sì mí hẹlẹ. Ṣùgbọ́n kí n tó dé ìdí òpó iná kejì, ìka mi bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọńdinrín ọwọ́ òsì ló kọ́kọ́ kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e, kẹ́ẹ̀gì já bọ́, ìdérí fò, omi bo bàtà mi.

Ọmọ kan tó ń kọ́ṣẹ́ bíríkìlà ládùúgbò wa ló sáré wá. Ó ní, "Ẹ jẹ́ n bá yín gbé e, bọ̀ọ̀dá." Ọ̀kan lọ́wọ́ ọ̀tún, ọ̀kan lọ́wọ́ òsì, ó ń bá mi sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lọ bí ẹni tó gbé fìlà dání. Èmi ń tẹ̀ lé e, bàtà mi ń dún ṣọ̀kọ̀ṣọ̀kọ̀.

Ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí. Iṣẹ́ mi ò ju kí n jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kí n máa to owó àwọn ẹlòmíì sójú ìlà. Láti àárọ̀ dalẹ́, ohun tó le jù tí ìka mi ń tẹ̀ ni bọ́tìnnì. Mo mọ̀ pé ara mi ti rọ̀, ṣùgbọ́n mo rò pé ikùn nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, èmi àti ìyàwó mi lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ara èèyàn wò lọ́fẹ̀ẹ́. Wọ́n wọn ìfúnpá, wọ́n wọn ṣúgà, wọ́n wá gbé irin kan fún mi pé kí n fún un pọ̀ bí agbára mi bá ṣe mọ. Ọwọ́ ọ̀tún fún kílò 31, òsì fún 27. Obìnrin tó ń kọ ọ́ sílẹ̀ wo ojú mi, ó tún wo ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ orí mi sí, kò sọ nǹkan kan. Ká ní ó sọ̀rọ̀ ni, ì bá sàn. Nígbà tí mo délé ni mo wá kà nípa ìwádìí ńlá kan tó jáde ní 2015 nínú ìwé àwọn oníṣègùn tó ń jẹ́ The Lancet. Èèyàn bí 140,000 ni wọ́n wọn ọwọ́ wọn ní orílẹ̀-èdè 17, tí wọ́n sì ń ṣọ́ wọn fún ọdún bíi mélòó kan. Ohun tí wọ́n rí ni pé bí agbára ìdìmú bá fi kílò márùn-ún dín, ewu ikú á fi ìdá 16 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Kì í ṣe pé àìlágbára ọwọ́ ló ń pa èèyàn o. Ọwọ́ ló kàn ń ṣòfófó ara tó kù.

Àbúrò mi ni mo ròyìn ọ̀rọ̀ náà fún. Dípò kó bá mi kẹ́dùn, fídíò ló fi ránṣẹ́: òyìnbó kan tó di ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù mú, tó sì ya á sí méjì bí ẹni ya búrẹ́dì. Eré àwọn alágbára àtijọ́ nìyẹn, wọ́n á tẹ irin, wọ́n á ká ìṣó, wọ́n á ya káàdì 52 pọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Àbúrò mi kọ ọ́ sábẹ̀ rẹ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, iṣẹ́ ti dé." Ẹ̀fẹ̀ ló ń ṣe. Èmi ni mi ò fi ṣẹ̀fẹ̀.

Ibo la ti fẹ́ rí ìwé tẹlifóònù n'Íbàdàn? Ayé NITEL, ilé iṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, ni nǹkan bẹ́ẹ̀ wà, ilé àwọn ọlọ́lá ló sì máa ń wà, lábẹ́ tẹlifóònù tí wọ́n fi kọ́kọ́rọ́ tì. Láti 2001 tí GSM ti wọlé, nọ́ńbà gbogbo ti kó sínú fóònù. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ti ìwé lásán ni, ìlú wo ló fẹ́ fi ìwé yangàn fún Ìbàdàn? Láti 1949 ni Oxford ti ṣí ilé ìtẹ̀wé síbí, èyí tó wá di University Press ní 1978, àwọn onítẹ̀wé ńláńlá mìíràn sì wà ní Jẹ́ríkò títí dòní. Ìwé tó ti kú pọ̀ nílùú yìí ju ìwé tó yè lọ. Ẹ kàn wo inú báàgì ẹlẹ́pà.

Alẹ́ ọjọ́ kan, lẹ́yìn táwọn ìbejì ti sùn, mo mú ìwé ìbéèrè JAMB àtijọ́ kan, ojú ìwé 200, mo lọ síbi tí a ti ń fọ abọ́. Mo gbá a mú. Ọwọ́ mi ò gbé e.

Kì í ṣe agbára ni mo kọ́kọ́ ń sọ yìí. Ẹ̀rù ló bà mí.

Tíṣà ni bàbá mi. Oṣù kìíní ọdún 1955, nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ sọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn, ó wà lára àwọn ọmọ ọdún mẹ́fà tí wọ́n rọ́ wọlé. Ó ní ìwé kan ni àwọn mẹ́ta ń kà. Ẹni tó bá jókòó láàárín ló ń ṣí i, òun kì í sì í jókòó láàárín. Mo rò pé ibẹ̀ ni gbogbo ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Nílé wa, a kì í fi ìwé lé eṣinṣin. A kì í gbé ife lé e. A kì í ká etí rẹ̀ láti fi ṣàmì. Bí ilé ẹ̀kọ́ bá fẹ́ wọlé, bàbá mi á kó kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá jọ, á jókòó sílẹ̀ lórí ẹní, á sì máa fi wọ́n wé ìwé wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú àwòrán sínú, ẹ̀yìn funfun síta. Á ká igun rẹ̀ wọlé, á fi èékánná tẹ̀ ẹ́ títí á fi dán. Ohùn èékánná yẹn lórí pépà ni mo fi ń mọ̀ pé ọlidé ti parí.

Nígbà kan, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ya ewé kan nínú ìwé kíkà rẹ̀ láti fi ṣe ọkọ̀ ojú omi nígbà tí òjò ń rọ̀. Bàbá mi ò nà án. Ó ní kó lọ hú ewé náà jáde nínú gọ́tà, kó sá a, kó da gbogbo ohun tó wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀ kọ, kó sì lẹ èyí tó kọ padà sáyè tó ti ya á. Ẹ̀gbọ́n mi ti bímọ mẹ́rin báyìí. Bí ẹ bá fún un ní ìwé, ọwọ́ méjì ló fi ń gbà á.

Ẹ má rò pé bàbá mi kórìíra agbára o. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tí àwọn akànṣẹ́ méjì, Dick Tiger àti Gene Fullmer, wá ja ní pápá ìṣeré Liberty níbí, ní 1963. Kò rówó tíkẹ́ẹ̀tì. Ìdí aṣọ̀rọ̀mágbèsì tó wà lára ògiri ilé kan ló ti gbọ́ ọ, ó sì lè sọ ọ́ fún yín títí dòní, ẹ̀ṣẹ́ sí ẹ̀ṣẹ́, títí tó fi kan ibi tí Fullmer kọ̀ tí kò jáde wá fún ìpele kẹjọ. Bó bá dé ibẹ̀ á dìde dúró. Agbára tó bá dojú kọ èèyàn bíi tiẹ̀, ó fara mọ́ ọn. Àmọ́ kí ọkùnrin tó tó ọkùnrin dojú ìjà kọ ìwé ńkọ́?

Nítorí náà, nígbà tí mo wá fipá fà á lálẹ́ ọjọ́ yẹn, bí olè ni mo ṣe fà á, mo ń wẹ̀yìn. Ìwé náà ò mira. Mo fà á títí awọ àtàǹpàkò mi fi bó. Ìyàwó mi yọ sí mi lẹ́yìn, ó ní, "Bàbá Ìbejì, kí ni ìwé ṣe fún yín?"

Ẹni tó padà kọ́ mi kì í ṣe alágbára rárá. Adìwé ni, bàbá tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ní ṣọ́ọ̀bù tóóró kan ní Mọ́kọ́lá láàárín àwọn onítẹ̀wé. Òun ló máa ń bá ọ́fíìsì wa di àwọn ìwé ìṣirò owó pọ̀ lọ́dọọdún. Mo gbé iṣẹ́ lọ fún un, mo sì béèrè bóyá ó ní ìwé tó bàjẹ́ tó lè fún mi. Ó béèrè ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Mo sọ. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Ya á kí n rí ọ."

Mo ṣe bí mo ti ń ṣe, mo di ẹ̀gbẹ́ méjèèjì mú, mo ń fà wọ́n kúrò lára wọn. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ó fi wúkọ́. Ó ní, "Gbogbo agbo ilé lò ń bá jà lẹ́ẹ̀kan náà. Ta ní ń ṣẹ́gun gbogbo agbo ilé? Pè wọ́n síta lọ́kọ̀ọ̀kan."

Ó wá gba ìwé náà. Ó di í mú níbi etí tó ń ṣí, tí kò sí gọ́ọ̀mù, àtàǹpàkò méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ kanra, ìka mẹ́jọ tó kù wà lódì kejì. Ó kọ́kọ́ tẹ ìwé náà kó kọdọ̀ sínú. Bó ti tẹ̀ ẹ́, etí àwọn ewé náà yọ̀ lórí ara wọn, wọ́n tò bí àtẹ̀gùn. Ibẹ̀ ló ti fún un gírígírí, tí ìkankan nínú wọn ò fi lè padà sáyè rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá tẹ ìwé náà padà sódì kejì, ìka rẹ̀ ò sì dẹ̀. Ẹ wò ó, ewé tó wà lójú òde pátápátá ni gbogbo ìnira náà bọ́ sí lórí: ó le bí awọ ìlù, ó dún "tá", ó ya. Èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀ gba tiẹ̀. Lẹ́yìn bí ewé mẹ́wàá, ojú ọgbẹ́ ti là, àwọn tó kù ń tẹ̀ lé ara wọn bí ẹran tí ń jáde lágbo. Bàbá náà ò yà ju ìdajì lọ, ó ní ọwọ́ òun ò ṣe é mọ́. Ìdajì yẹn tó mi í wò.

Ó tún fi nǹkan kan hàn mí tí mi ò tíì rí ẹni tó sọ ọ́ fún mi rí. Ó mú ewé A4 kan, ó ya á láti òkè wá sísàlẹ̀, ó lọ tààrà. Ó yí òmíràn sí ẹ̀gbẹ́, ó ya á ní ìbú, èyí ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ bí ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé Ọjà Ọba. Fọ́nrán igi ló wà nínú pépà. Nígbà tí wọ́n ń ṣe é nílé iṣẹ́, omi tó ru àwọn fọ́nrán náà ń ṣàn sí ọ̀nà kan, ọ̀pọ̀ nínú wọn a sì sùn sí ọ̀nà tí omi ń lọ. Adìwé tó mọṣẹ́ á jẹ́ kí ìṣàn náà bá ẹ̀yìn ìwé rìn, kí ewé lè rọ̀ nígbà tí èèyàn bá ń ṣí i. Ìdí nìyẹn tí yíya ìwé ní ìbú fi le: ẹni tó ń ṣe é ń dá fọ́nrán kọjá ni, kì í bá a lọ.

Ìgbà yẹn ló yé mi pé fífà kọ́ ló le nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnikẹ́ni ló lè fà. Àtidì í mú nígbà tí èèyàn ń fà ni wàhálà, torí bí ìka bá dẹ̀ díẹ̀, àwọn ewé á yọ̀ padà, wọ́n á tún parapọ̀ di agbo ilé kan. Iṣan tó ń ká ìka kò sì sí nínú ìka. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn wà lápá, láàárín ìgúnpá àti ọrùn ọwọ́. Okùn ni wọ́n ta wá sí ìka, bí okùn kànga tí korobá wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ tí ẹni tó ń fà á wà lókè. Ẹ gbé ọwọ́ kan lé apá kejì, kí ẹ wá di ẹ̀ṣẹ́, ẹ ó rí bó ti ń rìn lábẹ́ awọ. Àtàǹpàkò ló ní ẹran tirẹ̀ tó pọ̀ jù, òkìtì tó wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀ nínú àtẹ́lẹwọ́ yẹn. Òun ni ìwé máa ń kọ́kọ́ dá lóró.

Mo wá bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé. Mo ra rímù pépà tí wọ́n ti fi tẹ nǹkan lójú kan, tí fọ́tòkọ́pì ti bà jẹ́. Bí ẹ bá rí 80 lára rímù, ohun tó ń sọ ni pé bí pépà náà bá fẹ̀ tó mítà kan ní òró, mítà kan ní ìbú, gíráàmù 80 ni yóò wọ̀n. A4 jẹ́ ìdá kan nínú 16 rẹ̀, ìyẹn gíráàmù márùn-ún géérégé. 500 rẹ̀ tó wà nínú rímù kan, kílò méjì ààbọ̀. Ewé 12 ni mo lè yà pọ̀ ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, gíráàmù 60 péré, kò tó ìwúwo ọṣẹ ìfọṣọ. Ọjọ́ Ajé àti Ọjọ́bọ̀ nìkan ni mò ń yà. Bí mo bá ya iye kan lẹ́ẹ̀mẹ́ta láìsinmi, mo fi ewé kan kún un. Ní ìparí oṣù kẹrin mo dé 30.

Ní àwọn ọjọ́ tó kù, ìwé ìròyìn ni mo fi ń ṣeré. Bí ẹ ò bá fẹ́ ya nǹkan kan, ẹ ṣe èyí, òun ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ tẹ́ ojú ìwé ìròyìn kan sórí tábìlì, ẹ fi ìka ọwọ́ kan ṣoṣo mú igun rẹ̀, kí ẹ máa kó o wọ àtẹ́lẹwọ́ díẹ̀díẹ̀ títí gbogbo rẹ̀ á fi di bọ́ọ̀lù tó le. Ọwọ́ kejì ò gbọdọ̀ ràn án lọ́wọ́, ọwọ́ náà ò sì gbọdọ̀ ti ara tábìlì. Tribune, tí Awólọ́wọ̀ dá sílẹ̀ ní 1949, ló pọ̀ jù nílé wa. Bí ẹ bá ká mẹ́ta tán, apá yín á máa gbóná bí ẹni tó fọ bẹ́ẹ̀dì ṣíìtì ilé ìtura.

Mo fẹ́ sáré ju bó ti yẹ lọ, ìyẹn náà ò ṣàì ṣẹlẹ̀. Nínú oṣù karùn-ún, orí mi wú, mo ń yà lójoojúmọ́, mo ń yà fún àlejò wò. Ìrora kan bẹ̀rẹ̀ níbi eegun inú ìgúnpá ọ̀tún, ibi tí àwọn iṣan tó ń ká ìka ti so mọ́ egungun. Mi ò lè gbé ife tíì fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹran ara ń yára lágbára, okùn tó so ó mọ́ egungun kì í yára, ẹ̀jẹ̀ tó ń dé ibẹ̀ kéré; ẹran ti múra ogun, okùn ò tíì jí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi sinmi. Ìgbà yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi rọ́bà tí wọ́n fi ń di owó sí orí ìka márààrún, tí mò ń ṣí wọn síta lòdì sí i, torí ọwọ́ tó bá ń ká wọlé nìkan láìkọ́ bí wọ́n ṣe ń ṣí, á fi ìgúnpá san án. Màíkírà làwọn ìbejì ń pe eré náà, nítorí inú Màíkírà, takisí kékeré Ìbàdàn, ni mo ti máa ń ṣe é, láti Àpẹ̀tẹ̀ dé Dùgbẹ̀, tí àwọn tí a jọ há mọ́ra ń fojú igun wò mí.

Ojú ọjọ́ náà ní ohùn tirẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Pépà ń mu omi inú afẹ́fẹ́. Nígbà ọ̀yẹ́, ìwé a gbẹ, a máa fọ́ bí ìpékeré, mo sì ń rò pé mo ti di akọni. Bí òjò oṣù keje bá dé, ìwé kan náà á rọ̀, á máa fà bí ìgbálẹ̀ tútù, kò ní fẹ́ já. Wọ́n ní àwọn oníṣeré kan lókè òkun máa ń yan ìwé nínú ààrò kí wọ́n tó yà á lójú èrò. Ìbàdàn ń yan án fún wa lọ́fẹ̀ẹ́ láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kejì.

Mo ti ń rò pé mo ti ń tó nǹkan kó tó di pé mo gbé ewé 30 lọ síwájú ìyá alámàlà wa. Ìyá yìí ń ro àmàlà láti ìdájí, ìkòkò tí ọmọdé lè wẹ̀ nínú ẹ̀, orógùn tó ga tó ọmọ ọdún mẹ́wàá. Ẹ̀ẹ̀mélòó ló ń rò ó lóòjọ́, mi ò kà á. Mo kàn ń wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ni, bó ti ń fa orógùn bọ̀, tó ń tẹ̀ ẹ́, tó ń yí i, tí àmàlà ń dún "pọ̀" tí ooru ń rú bò ó lójú, tí ìka rẹ̀ ò sì ṣí. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi dán an wò. Ó nu ọwọ́ sára ìró, ó gba àwọn pépà náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo rò pé ó ń kà wọ́n. Ó ní, "Bàbá Ìbejì, kò sí orúkọ Ọlọ́run nínú ẹ̀ ṣá?"

Mo ní kò sí, ìwé owó ni. Ó wá yọ bí márùn-ún kúrò, ó ní ọwọ́ òun ń yọ̀, ó sì fa 25 tó kù ya láìsí àtẹ̀gùn, láìsí ọgbọ́n adìwé, bí ẹni ń ya ewé eéran tó fẹ́ fi pọ́n móínmóín. Ó kó o padà fún mi. "Ṣé tìtorí èyí lẹ ò ṣe wá jẹun lánàá?"

Ìbéèrè rẹ̀ nípa orúkọ Ọlọ́run ló jẹ́ kí n fi òfin de ara mi. Mi ò ya Bíbélì, mi ò ya Kùránì, ìyẹn ò tiẹ̀ ní àríyànjiyàn. Mi ò ya ìwé ìtàn. Mi ò ya ìwé Yorùbá kankan, kódà kó jẹ́ ìwé ìṣirò; wọn ò tó lórí igbá, ẹ jẹ́ ká tọ́jú èyí tó wà. Ohun tí mo bá máa yà gbọ́dọ̀ ti kú kó tó dọ́wọ́ mi: ìwé ìbéèrè tí ìdáhùn inú rẹ̀ ò tọ̀nà, dáyárì 2014, ìwé òfin owó orí tí òfin tuntun ti pa rẹ́. Èyí tí mo bá sì yà, ẹni tó ń ra páálí àti pépà ní kílò ló ń kó o. Aláàkàrà kan bẹ̀ mí fún un, mi ò fún un. Yíǹkì àti epo gbígbóná kì í ṣe ọ̀rẹ́.

Nínú gbogbo èyí, bàbá mi ò gbọ́. Òkè-Àdó ló wà, gbogbo ọ̀sẹ̀ la ń lọ kí i, mo sì ti kìlọ̀ fún gbogbo ilé. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́fà ni Táíwò, kò sì sí ìkìlọ̀ tó ń gbé inú ọmọ ọdún mẹ́fà sùn. Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, bàbá mi gbé ìgò oògùn fún mi kí n bá òun ṣí i, torí àtàǹpàkò rẹ̀ ti ń dùn ún, ọwọ́ rẹ̀ sì ń gbọ̀n díẹ̀. Mo fi ìka méjì ṣí i. Táíwò ní, "Bàbá àgbà, ọwọ́ Dádì lágbára gan-an. Wọ́n máa ń ya ìwé."

Ìyàwó mi dìde, ó ní òun fẹ́ lọ wo ọbẹ̀.

Bàbá mi ní, "Irú ìwé wo?"

Mo sọ fún un. Mo ń ka òfin mi fún un bí ẹni tó ń ro ẹjọ́ ní kóòtù, Bíbélì, Kùránì, ìwé Yorùbá, gbogbo ẹ̀. Ó ń mi orí. Nígbà tí mo débi dáyárì 2014, ó dìde, ó wọ yàrá, mo gbọ́ tí kọ́bọ́ọ̀dù ń han. Ó pè mí.

Nóòtù ìkọ́ni rẹ̀ ni, àwọn tó fi ọwọ́ kọ láti ọdún tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì, oníbébà líle, wọ́n tò gègèrè, kàlẹ́ńdà ni wọ́n fi wé gbogbo wọn. Ó ní òun ti ń ronú lórí wọn ó ti lé lọ́dún kan. Òun ò fẹ́ dáná sun ún, èéfín á da àwọn ará ilé láàmú. Òun ò sì fẹ́ fi sílẹ̀ kí ẹnì kan wá fi iṣẹ́ ọwọ́ òun di ẹ̀pà. Ó ṣí ọ̀kan, ó na ìka sí ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tó kọ máàkì àwọn ọmọ sí. "Ọmọ yìí gba méjì nínú ogún ní 1981. Lọ́yà ni báyìí. Kò yẹ kí ẹlẹ́pà mọ̀."

Mo jókòó sílẹ̀ lórí ẹní, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó bá mi tú kàlẹ́ńdà ara èyí àkọ́kọ́, ó bọ́ páálí rẹ̀, ó gbé e fún mi. Mo tẹ̀ ẹ́, mo fún un, mo tẹ̀ ẹ́ padà. Ó le ju ìwé JAMB lọ, pépà ayé ijọ́un ní egungun. Ìgbà tó yá, ó dún. Mo fà á dé ìsàlẹ̀, òógùn bo iwájú mi, mo kó ìlàjì méjèèjì fún un bí ọmọ tó parí iṣẹ́ àṣetiléwá.

Ó wò ó. Ó fi ìka tọ ojú ibi tó ti ya, níbi tó ṣe gbágun-gbàgun.

"Ó wọ́," ló wí.

Ó na ọwọ́ sí abẹ́ ìrọ̀rí, rúlà onípákó rẹ̀ ló yọ jáde. Ó gbé nóòtù kejì lé itan, ó ṣí i, ó to rúlà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ran án, ó gbé ewé mẹ́ta, ó sì fà wọ́n láti òkè wá sísàlẹ̀. Wọ́n yọ wẹ́rẹ́. Ó tò wọ́n sílẹ̀, ó tún gbé mẹ́ta. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, rúlà ò gbọ̀n. Mo mú tèmi, mo tún tẹ̀ ẹ́. A ò bá ara wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí tí wọ́n fi pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí ẹ̀yìn ilé, tí ilẹ̀ ń ṣú. Òun ti ya mẹ́rin. Èmi ya méjì ààbọ̀.